Ta Ló Dé Ìpele Kẹjọ?

Mo gbé géèmù àtijọ́ mi síwájú gbohùngbohùn, mo ń fọ́nnu lórí pọ́díkáàsìtì mi tí mò ń ṣe ní tààràtà.

"Láti kékeré ni mo ti ń gbá èyí. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo fi í sílẹ̀, nígbà tí màámi gbà á lọ́wọ́ mi nítorí ìdánwò. Bí ìdánwò kan bá ti parí, wọ́n á ní òmíràn ń bọ̀! Odidi ọdún kan! Ẹ gbọ́, kò sẹ́ni tó dé ìpele kẹjọ rí. Ẹni tó bá débẹ̀, kó pè mí!"

Fóònù dún.

Obìnrin kan ń fi imú sọ̀rọ̀: "Jẹ́ kí ọkùnrin inú ẹ̀ forí sọ ògiri pupa yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Mo gbìyànjú ẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu!

"Ẹ̀yin ta nìyẹn, mà?"

Aago kan ń lù lẹ́yìn wọn. Mo kà á.

Mẹ́tàlá.

Aago kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó máa ń lù lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá.

Mo sáré já sí pálọ̀ wa.

Màámi rèé, fóònù létí, ìka méjì nímú.

"Màámi! Ìdánwò ńkọ́?"

Wọ́n tú imú sílẹ̀.

"Ṣé kí n dá a padà nígbà tó ku ìpele kan péré fún mi ni?"