Ìlú Tó Tún Ga Ju Èyí Lọ

Wendell ọkọ mi ń wa ọkọ̀ tí a fi ṣe ilé wọ Leadville, ó ń mí gúlegúle.

Àkọlé ẹnu ìlú ní ibí ga tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ẹsẹ̀ bàtà.

Afẹ́fẹ́ ibi gíga yìí fúyẹ́ débi pé ọ̀rá ànàmọ́ díndín wa ti wú bíi bàlúùn. Ètè Wendell ti ń dú.

"Loretta, dókítà ò tíì fèsì?"

"Báwo ni lẹ́tà ṣe máa mọ ibi tá a wà? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ta ilé mi láì bi mí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ gbé e. "Ìlú wo ló kàn?"

"Èyí tó tún ga ju èyí lọ, olówó orí mi."

Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ní Salida ni mo ti gba lẹ́tà náà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ló wà.

"Ẹ má ṣe gun òkè kankan mọ́. Ọkàn yín ò ní gbà á."