Ahun Ẹlẹ́yìn Rírọ̀ Dé Etí-Ọ̀sà

Ilẹ̀ mọ́ tán, gbogbo àdúgbò Etí-Ọ̀sà ti na ọrùn jáde lójú fèrèsé, wọ́n ń wo omi tó gba ipò títì. Ahun ni ìjọba fi ń mọ irú omi tó wà níbì kan. Bí ahun ẹrẹ̀ bá ń gbé ibẹ̀, àbàtà ni, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò kì í yà síbẹ̀. Bí ahun ẹlẹ́yìn rírọ̀, onímú gígùn, bá wà níbẹ̀, odò tó ń ṣàn ni, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró. Ìdí nìyí tí Rẹ̀mílẹ́kún fi ń kó pàǹtírí kúrò nínú omi láràárọ̀, kí ó lè ṣàn, kí bàbá ọkọ rẹ̀ lè rí ọkọ̀ wọ̀ lọ fojú kan àbúrò wọn lódìkejì ọ̀sà kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Lónìí, imú gígùn kan yọ lójú omi.

“Bàbá, ó ti dé o!”

Alábòójútó omi tí ìjọba rán wá fajú ro nínú ọkọ̀ rẹ̀. “Igi lásán ni,” ló wí, ó sì na ìka sí i.

Ni ahun bá gbé ìka náà hán, ó kọ̀, kò tu ú.

“Yéè! Odò ni! Mo gbà, odò ni!”

Ẹ̀rín pa àdúgbò, àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lójú fèrèsé. Kí Rẹ̀mílẹ́kún tó yíjú pa dà, Bàbá ti wọ bàtà, wọ́n ti dé fìlà.

“Ọkọ̀ náà dà?”