Báàjì Àyà Awakọ̀ Òfurufú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbede méjì. Ẹ kà á tán pátápátá, nítorí ohun tó dé bá obìnrin yìí lè dé bá ẹnikẹ́ni tí ojú rẹ̀ kò bá kúrò lára ohun olóhun.

1.
Ọlọ́wọ́-Ẹyẹ ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń fi òwú rán báàjì fún àwọn ọmọ ogun òfurufú. Tó bá rán bàálù sára aṣọ, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ di etí! Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá tóóró kan.

Nígbà tí àwọn ológun ń dán bàálù tuntun kan wò, irú èyí tó máa ń kọjá kí èèyàn tó gbọ́ ariwo rẹ̀, òun ni wọ́n ní kó rán báàjì rẹ̀. Ẹni tó bá ti wa bàálù náà rí nìkan ló lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà. Wọn ò sì pọ̀.

2.
Ọ̀kan nínú wọn gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò padà wálé. Bàálù náà fọ́ lójú òfurufú. Jákẹ́ẹ̀tì tó gbé kọ́ sílé ló kù fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó náà gbé e wá bá Ọlọ́wọ́-Ẹyẹ, báàjì rẹ̀ ti ń já.

"Ẹ bá mi rán an kó le dáadáa, mà. Òun ni ọmọ wa máa ń dì mọ́ra sùn."

"Má sunkún mọ́, àbúrò mi. Fi í sílẹ̀ fún mi."

Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan tó ń kó báàjì ológun jọ fi gbọ́. Ó wá bá Ọlọ́wọ́-Ẹyẹ, ó ní, "Tuntun ò wù mí. Èyí tó ti gun òfurufú ni mo fẹ́. Gbé e wá, kí o máa lo ṣọ́ọ̀bù mi tó wà lójú títì."

Ó wọ Ọlọ́wọ́-Ẹyẹ lójú. Ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì!

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ figbe ta. "Ohun òkú lo fẹ́ tà yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló máa mọ̀? Ṣebí ọwọ́ tó rán ti àkọ́kọ́ náà ló máa rán èkejì."

3.
Ó tú báàjì náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti bá àkísà pupa rẹ́súrẹ́sú kan, tí wọ́n rán wọ́gọwọ̀gọ. Ó jù ú sí ààtàn. Ó rán òmíràn, ó fi omi tíì pa á láró títí ó fi dà bíi ti àtijọ́, ó sì rán an mọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà. Ó gbé ojúlówó fún ọkùnrin náà, ó kó sí ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí opó náà dé, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó wá fi àtàǹpàkò tẹ báàjì náà. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Mà, aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?"

"Aṣọ wo?"

"Aṣọ tí a kọ́kọ́ fi wé ọmọ wa lọ́jọ́ tí mo bí i. Èmi ni mo gé díẹ̀ rán sẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ mi ní òun fẹ́ kí ọmọ òun wà láyà òun tí òun bá wà lókè."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ̀rọ̀: "Jẹ́wọ́, àbúrò. Jẹ́wọ́ fún un."

Ó jẹ́wọ́. Opó náà ò pariwo, kò sì ṣépè. Ó rọra ká jákẹ́ẹ̀tì náà.

"Òfurufú ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀."

4.
Ọlọ́wọ́-Ẹyẹ sáré lọ bá ọkùnrin ọ̀hún. Báàjì ti sọdá sí ìlú òkèèrè. Ó sáré lọ tú ààtàn. Ọkọ̀ ìdọ̀tí ti kó o lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn ológun. Ọ̀gá wọn wá kó gbogbo aṣọ wọn, ó ní, "Báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú iṣẹ́ rẹ mọ́?" Nígbà tí oníbàárà ò wá mọ́, ọkùnrin tó gba báàjì náà gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀ jáde. "Mi ò bá ẹ jà o. Ojú ló ń tì mí."

Síìpù ṣòkòtò ni Ọlọ́wọ́-Ẹyẹ ń pààrọ̀ báyìí. Ọwọ́ náà ṣì mọ iṣẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń gbé ohun iyebíye síbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń fi ohun sí níkàáwọ́, ẹ ṣọ́ra! Ohun tí ẹ rí bí àkísà lè jẹ́ gbogbo ohun tó kù fún ẹlòmíràn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.