Ọjọ́ tí Ìbíwùmí Ha Orúkọ Ara Rẹ̀ Kúrò

Ní gbogbo oṣù Ṣẹẹrẹ, ẹ̀rọ adájọ́ máa ń wo fídíò gbogbo ìdíje ijó orí yìnyín ti orílẹ̀-èdè láti ọdún àkọ́kọ́, á sì tún ẹjọ́ wọn dá. Ẹni tó bá pàdánù ipò kìíní ni yóò fi ọ̀bẹ ha orúkọ ara rẹ̀ kúrò lára pátákó ìtàn. Ẹni tó gba ipò náà ni yóò di àkàbà mú fún un. Òfin ni.

Lọ́dún yìí, èmi ni mo di àkàbà mú fún Ìbíwùmí. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ipò yẹn yangàn sí mi.

Bó ti ń ha á, ó ní, “O ṣubú lọ́jọ́ yẹn. Iná lọ ni kámẹ́rà ò fi rí i, ṣùgbọ́n èmi rí i.”

“Mo ṣubú lóòótọ́. Lọ sọ fún ẹ̀rọ.”

“Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́.”

“Ta ló wọ́n iyọ̀ sójú yìnyín kó lè yọ́, kó tó kàn mí?”

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rọra mi àkàbà náà.

“Máa ha á lọ,” ni mo wí. “Ó ku lẹ́tà mẹ́ta.”