Fáànù Tó Ń Kùn

Màmá kan dúró níwájú káńtà mi. Ó fẹ́ kí n to kọ̀ǹpútà géèmù tó máa wà ní yàrá ọmọ òun. Ó ní òun ta ti àkọ́kọ́ nígbà tí nǹkan le.

Owó ọwọ́ rẹ̀ ò pọ̀, la bá ń ṣa páàtì kọ̀ǹpútà náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo tan fáànù kọ̀ǹpútà kan tí kò pariwo rárá. Ó ní kí n gbé e padà, kí n tan àwọn mìíràn.

Ó ń tẹ́tí sí wọn bíi dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn.

Ẹ̀kẹrin ti gbó, ó ń kùn bí oyin. Òun ló mú.

"Màmá, owó làwọn èèyàn ń san kí tiwọn má bàa pariwo. Ọmọ yín á bínú."

"Kò ní bínú."

Ó ní òun ò ra sikirín.

Ọ̀rọ̀ náà sú mi. "Ṣé ìpàkọ́ ló máa fi wo géèmù ni?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ògiri kan ló wà láàárín yàrá èmi àti ọmọ mi. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń gbá a nígbà yẹn, pé kí ọmọ náà pa nǹkan tó ń kùn yẹn, kí n lè sùn."

Ó gbé fáànù náà mọ́ àyà.

"Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, mi ò fojú ba oorun."