Ẹ̀rọ Orí Ìka

Fóònù mi ń dún nínú báàgì. Mi ò gbé e.

Alága ẹgbẹ́ àwa dókítà tó ń mú aláìsàn sùn fún iṣẹ́ abẹ ni mí.

Ní ọ́fíìsì ọ̀gá ìjọba kan, mo ki ìka rẹ̀ bọ ẹ̀rọ kékeré kan.

“Bí èémí bá ń tán lára aláìsàn, ẹ̀rọ yìí á ké, sà. Láìsí i, ojú lásán la fi ń wò ó.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò ti sọ látọjọ́ yìí?”

Lẹ́tà mọ́kànlá tí mo kọ ńkọ́? Mo gbé ìbínú mì.

Ó buwọ́ lu ìwé: ogún ẹ̀rọ!

Mo wá gbé fóònù. Nọ́ọ̀sì ọsibítù wa ni.

“Mà, ẹ̀rọ ẹyọ kan tá a ní dà? Pàjáwìrì dé, a ti mú aláboyún kan sùn. Ojú lásán la fi ń wò ó.”