Ẹni Tó Wà Lọ́hùn-ún

Yunifásítì méjì ló ti gba Citlali, àfẹ́sọ́nà mi, kó wá parí ẹ̀kọ́ bàọ́lọ́jì tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré wa ní Salinas.

Ọ̀kan ò jìnnà sílé. Ibẹ̀ lèmi náà ń lọ.

Ó lóun ò lọ síbẹ̀. Èyí tó jìnnà lóun fẹ́.

"Fermín, wọ́n ti gba ìyàwó lọ́wọ́ ẹ," Chuy ọ̀rẹ́ mi ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, oúnjẹ táko tó ń jẹ kún ẹnu ẹ̀. "Ìwọ ṣì ń ra òdòdó kiri, ọ̀dẹ̀!"

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo dúró de Citlali lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

"Citlali, ta ló wà lọ́hùn-ún?"

Ó ń wolẹ̀.

"Ẹnì kan wà níbẹ̀."



"O fẹ́ràn ẹ̀ jù mí lọ?"

"Mo ti fẹ́ràn ẹ̀ kí n tó mọ̀ ẹ́."

"Ó dáa, máa lọ bá a. Má pè mí mọ́ láyé ẹ."

Mo yíjú padà. Ó di apá aṣọ mi mú.

"Màmá mi ni, Fermín."

"Màmá tí ẹbí yín nìkan lọ sin nígbà Kérésì?"

"A ò sin ín. Kó tó kú ló ti ní kí wọ́n gbé òkú òun fún yunifásítì yẹn, káwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi kọ́ṣẹ́ dókítà."

Ó fapá nujú.

"Mo mọ̀ pé wọn ò ní jẹ́ kí n wọ yàrá tí wọ́n gbé e sí. Àmọ́ mi ò fẹ́ kó dá wà láàárín àwọn tí ò mọ orúkọ ẹ̀."